Bàálù rìmóòtù atàkìtì àkọ́kọ́: èwo ni kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ rà?

Ọmọ Iyara

Okun o, gbogbo ilé. Iyara ní ìpínlẹ̀ Kogi ni mo wà, iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń ṣe. Ó ti tó oṣù méje tí mo ti ń fi bàálù fóòmù kan kọ́ fífò lórí pápá bọ́ọ̀lù ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa. Irú èyí tí apá rẹ̀ wà lórí ni, tí ṣóńṣó apá méjèèjì gbé sókè díẹ̀. Mo ti lè gbé e dìde, mo lè yí i ká pápá lọ́tùn-ún lósì, mo sì ń bà á sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹjọ nínú mẹ́wàá.

Òkìtì ló kù tí ọkàn mi ń fẹ́. Mo fẹ́ kí ó ta á, kí ó yí gbirigbiri, kí ó fò ní ìdojúdé láti ìpẹ̀kun pápá kan dé èkejì. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi kì í gbà. Bí mo bá ní kí n dà á dé, á bá mi jà, á tún ara rẹ̀ gbé padà.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó èsúsú. ₦280,000 ni mo yà sọ́tọ̀, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀ títí ọdún yóò fi yí. Mẹ́ta ni ojú mi wà lára wọn: Mustang P-51 aláwọ̀ eérú kan tó dà bí ojúlówó, Extra 300 fóòmù tó gùn tó mítà kan láti ṣóńṣó apá dé ṣóńṣó, àti Extra onígi balsa kan, àlòkù, tí ẹnì kan fẹ́ tà ní Abuja. Èwo ni kí n mú? Ṣé rìmóòtù oníkànáàlì mẹ́rin (tó lè darí nǹkan mẹ́rin lára bàálù) tó bá ti àkọ́kọ́ wá lè ṣe é?

Tíṣà Fisíìsì, Egbe

Àbúrò, okun o. Fi Mustang yẹn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó lẹ́wà. Bàálù ogun ni, tí wọ́n fi ja ogun àgbáyé kejì. Wọ́n ṣe apá rẹ̀ kí ó lè sáré, wọn kò ṣe é kí ó lè rìn pẹ̀lẹ́. Bí wọ́n bá wá sọ ọ́ di kékeré, apá náà á kéré, ẹrù tó ń gbé kò sì ní fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí o bá dín eré rẹ̀ kù láti bà á sílẹ̀, afẹ́fẹ́ á já kúrò lórí ṣóńṣó apá kan ṣáájú èkejì, apá náà á sì wó lójijì. Nígbà yẹn o kò ju mítà mẹ́rin márùn-ún lọ sílẹ̀. Kò sí ọwọ́ tó yá tó láti gbà á.

Ìdí tí ti ọwọ́ rẹ fi ń bá ọ jà náà wà lára apá. Apá tó gbé sókè bíi lẹ́tà V a máa tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí ìhà tó bá rẹlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ máa ń tì sókè jù. Oore ńlá ni fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, àmọ́ ìdènà ni fún ẹni tó fẹ́ tàkìtì. Lẹ́yìn náà, òkè apá rẹ yọ, abẹ́ rẹ̀ tẹ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló mọ̀ dáadáa láti fò. Extra yàtọ̀. Walter Extra, ará Jámánì tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ awakọ̀ òfuurufú atàkìtì, ló ṣe ojúlówó rẹ̀, apá rẹ̀ sì rí bákan náà lókè àti nísàlẹ̀. Fi àtàǹpàkò sí òkè apá, fi ìka ìlábẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, kí o fà wọ́n láti iwájú lọ sẹ́yìn. Bí ó ṣe yọ sí àtàǹpàkò ni yóò ṣe yọ sí ìka. Nítorí náà ìdojúdé àti ìdúró dáadáa, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀. Mọ̀ ọ́n kí o tó sanwó: bàálù yìí kò ní gbà ọ́. Bí o bá dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan tí o jọ̀wọ́ ọ̀pá rìmóòtù, ẹ̀gbẹ́ yẹn náà ni yóò wà títí yóò fi kanlẹ̀.

Ti balsa àlòkù ńkọ́? Ìgbà kejì tàbí ìkẹta ni kí o rà á. Balsa a máa fúyẹ́, a máa fò dáadáa, àmọ́ bí ó bá já lẹ́ẹ̀kan, igi náà á fọ́ sí wẹ́wẹ́, ìwọ yóò wá máa fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Fóòmù ni kí o mú, oríṣi rẹ̀ kò sì dọ́gba. Èyí tí wọ́n ń pè ní EPO ló wà lára ọ̀pọ̀ bàálù inú páálí. Ó le díẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán, bí ó bá ṣẹ́, ojú ibi tó ṣẹ́ máa ń bá ara wọn mu, o lè lẹ̀ ẹ́. EPP rọ̀ jù ú lọ. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ á padà. Kì í lẹ́wà tó EPO, ṣùgbọ́n bí mo bá jẹ́ ìwọ, EPP ni máa wá.

Ní ti owó, ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn ènìyàn jiyàn. Rìmóòtù ni kí o kọ́kọ́ rà. Bàálù á já, á fọ́, á tán. Rìmóòtù á sin márùn-ún nínú wọn. Ti ọwọ́ rẹ yẹn lè ní kànáàlì mẹ́rin lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tó bá bàálù akẹ́kọ̀ọ́ wá kì í sábà jẹ́ kí o tò ó bí o ṣe fẹ́. Ohun méjì ni o nílò lára rẹ̀. Èkíní ni dual rate: bọ́tìnnì kan tí o máa tì, tí aileron (pátákó etí apá tó ń da bàálù sí ẹ̀gbẹ́) àti elevator (ti ìrù, tó ń gbé imú sókè tàbí sílẹ̀) á fi yí níwọ̀nba, tí o bá sì tì í padà, wọn á yí tán. Èkejì ni expo, tó ń jẹ́ kí ọ̀pá rọ̀ ní àárín, kí ó tó wá le sí ìpẹ̀kun. FlySky FS-i6 ní méjèèjì. Kànáàlì mẹ́fà ló ní, ó lè rántí ètò bàálù 20, bátìrì tọ́ọ̀ṣì kékeré mẹ́rin ló sì ń lò. Bẹ̀rẹ̀ expo láti 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí rìmóòtù kan, àmì àròpọ̀ ló ń jẹ́ kí ọwọ́ rọ̀. Lórí òmíràn, àmì àyọkúrò ni. Máa wo aileron bí o ṣe ń sún ọ̀pá díẹ̀díẹ̀ lórí tábìlì. Bí ó bá fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, o ti fi sí òdìkejì.

Má jẹ́ kí bàálù fúnra rẹ̀ gbà ju ìdajì owó yẹn lọ. Rìmóòtù, bátìrì mẹ́ta, ṣájà gidi àti abẹ̀bẹ̀ imú bàálù mẹ́fà ni ìyókù. Àwọn abẹ̀bẹ̀ yẹn kì í ṣe àṣejù o.

Ìyá Ìbejì, Mopa

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ yín pé. Aránṣọ ni mí, àwọn ọmọ mi ló kó mi wọ inú nǹkan yìí, wọ́n ti wá lọ sí yunifásítì, wọ́n sì fi bàálù sílẹ̀ fún mi. Ti ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ, torí ọwọ́ ló ń já bàálù jù.

Ọmọ mi, tí bàálù bá dojúdé tí imú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, gbogbo ara rẹ á sọ fún ọ pé kí o fa ọ̀pá sọ́dọ̀ ara rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni o ṣe ń ṣe láti oṣù méje. Bí o bá fà á, ilẹ̀ ni o fà á sí. Títì ni kí o tì í síwájú. Mo mọ̀ ọ́n lórí, mo ti kà á, mo tún ti sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo dà á dé, bàálù ń lọ jẹ́jẹ́, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó nà sí ọ̀run, inú mi dùn, imú rẹ̀ tẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ mi sì fà. Ìró abẹ̀bẹ̀ yí padà, ó di igbe kan tó tín-ín-rín, lẹ́yìn náà mo gbọ́ *pọ̀*, bí ìgbà tí ènìyàn fi ọwọ́ gbá ìrọ̀rí. Imú rẹ̀ wọ ilẹ̀ pápá tó ìka mẹ́rin. Bátìrì fo jáde, ó ń yí lọ nínú koríko. EPP ni, nítorí náà nígbà tí mo fà á yọ, imú náà rún pọ̀ ni, kò ya. Omi gbígbóná láti inú fúláàsì ni mo dà sí i lára, ó sì wú padà díẹ̀díẹ̀ lójú mi.

Ṣe é lórí fóònù kí o tó ṣe é lójú ọ̀run. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní PicaSim, ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù, ó tún ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Bí o bá rí okùn USB tó lè so rìmóòtù rẹ mọ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn dára ju ojú fóònù lọ, torí ọ̀pá gan-an ni ọwọ́ rẹ ń mọ̀. Máa fi ogún ìṣẹ́jú ṣe é lálaalẹ́. Ìdojúdé nìkan ni kí o máa ṣe fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lọ, bọ̀, yíká, títí ọwọ́ rẹ kò fi ní béèrè lọ́wọ́ rẹ mọ́.

Nígbà tí o bá wá dé pápá, gbogbo ohun tuntun, òkè ni kí o ti ṣe é. Èmi kì í dà á dé bí kò bá ga tó òpó iná mẹ́rin tí wọ́n to léra. Fún òkìtì, fún un ní throttle (agbára mọ́tò) tán, jẹ́ kí ó dúró gbọọrọ dojú kọ atẹ́gùn, kí o wá rọra fa elevator. Má já a gbà. Bí ó bá ti dé orí òkè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀, dín throttle kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á fi eré sọ̀ jù, òkìtì náà á sì rí bí ẹyin tí wọ́n jókòó lé.

Ọmọ Iyara

Ẹ ṣé o, Tíṣà. Ìyá wa, mo dúpẹ́. Mo ti fi PicaSim sórí fóònù lónìí, mo já a ní ìgbà mọ́kànlá. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì. Mo rí àwọn kan tí wọ́n ní gyro nínú tó ń mú wọn dúró ṣinṣin, ṣé kí n wá irú rẹ̀? Èkejì, ṣé n kò lè kàn ṣe bàálù náà fúnra mi, kí n fi owó ra ohun inú rẹ̀ nìkan?

Tíṣà Fisíìsì, Egbe

Gyro dára nínú atẹ́gùn, pàápàá fún bàálù kékeré tí kò wúwo. Ṣùgbọ́n ríi dájú pé o lè pa á láti orí rìmóòtù. Oríṣi kan wà tó máa ń gbé bàálù dúró dáadáa fúnra rẹ̀, kì í jẹ́ kí ó dojúdé rárá. Ìyẹn yóò dá ọ padà síbi tí o ti ń bọ̀.

Òkìtì tí Ìyá Ìbejì ń wí yẹn, Pyotr Nesterov, ọ̀gá ológun Rọ́ṣíà kan, ló kọ́kọ́ fi bàálù ta á, ní Kyiv ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1913. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fìyà jẹ ẹ́ ní àkọ́kọ́ pé ó fi ohun ìní ìjọba wewu, kí wọ́n tó wá gbé e ga lẹ́yìn náà. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí a bá dé ibi agbára tí ń fa nǹkan sí àárín òbìríkítí.

Ayàwòrán-ilé, Kabba

Ìbéèrè kejì, tèmi nìyí. O lè ṣe é. Mẹ́rin ni mo ti fi ọwọ́ mi ṣe.

Fóòmù bọ́ọ̀dù tí a fi ń ṣe àwòrán ilé, tí bébà wà lójú rẹ̀ méjèèjì, òun ni ó rọrùn jù. Ọ̀bẹ rẹ́sà, rúlà irin àti gọ́ọ̀mù gbígbóná onígi ti tó. Bọ́ọ̀dù oníke tí àwọn olóṣèlú fi ń ṣe ìpolówó, tí inú rẹ̀ ní ihò gbọọrọ, wọ́n ń fi í ṣe bàálù náà, kò sì sí ohun tó le tó o. Lẹ́yìn ìdìbò ó máa ń kún ìgboro. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Mo fi í ṣe bàálù atàkìtì kan, ó fò, ó yí, àmọ́ ó ń fẹ́ eré nígbà gbogbo, kò sì lè fi ìrù dúró lójú kan. Fún ti akẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Fún ohun tí o ń fẹ́, fóòmù ni.

Ìwúwo ni ọ̀rọ̀. Mọ́tò A2212 1000KV, òun ló wọ́pọ̀ tí owó rẹ̀ kò sì pọ̀, pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ 10x4.5 àti bátìrì 3S (onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta), agbára tó fi ń fà á tó gíráàmù 800 tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí bàálù rẹ bá wọn gíráàmù 550 pẹ̀lú bátìrì nínú, ó lè gòkè gbọọrọ bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Bí ó bá wọn 800, ó kàn ń gbé ara rẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ìwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ni mo fi ń wọn gbogbo nǹkan, títí kan gọ́ọ̀mù. ESC (ẹ̀rọ tó ń darí iná lọ sí mọ́tò) oní-30A ló bá mọ́tò yẹn mu, àti servo (mọ́tò kékeré tó ń yí aileron àti elevator) oní-gíráàmù 9 mẹ́rin.

Fún ohun tí ń fa elevator àti rudder (pátákó ìrù tó ń darí imú lọ́tùn-ún lósì), sípóòkì kẹ̀kẹ́ ni mò ń lò. Fún ọ̀pá inú apá, oparun tó gbẹ dáadáa tí mo là tí mo sì fá, bí ọ̀pá carbon kò bá sí. Oparun wúwo díẹ̀ ju carbon, ṣùgbọ́n kì í ṣẹ́ lójijì. Ṣọ́ra fún súpà gúlù: bí o bá kán an sí fóòmù funfun tí wọ́n fi ń pa nǹkan mọ́ nínú páálí tẹlifíṣọ̀n, á jẹ ẹ́ bí ìgbà tí omi gbígbóná bá bọ́ sórí ṣúgà. Lára EPO àti EPP kò ní wàhálà.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí o rò. Bí o bá ṣe é fúnra rẹ, tí kò sì fò dáadáa, o kò ní mọ̀ bóyá ọwọ́ rẹ ni tàbí bàálù. Ra èyí àkọ́kọ́. Ṣe èkejì, kí o sì yọ mọ́tò àti servo àkọ́kọ́ sí i lára.

Alátùn-únṣe Fóònù, Kabba

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bàálù, ẹ kò tíì sọ ti bátìrì. Okun o.

LiPo ni wọ́n ń lò, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ kò jìnnà sí ti bátìrì fóònù, àmọ́ kò ní ẹ̀ṣọ́ tí fóònù ní. 3S túmọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta. Fólítì 4.2 ni sẹ́ẹ̀lì kan máa ní tó bá kún. Má jẹ́ kí ó rẹlẹ̀ ju 3.5 lọ tí o bá ń fò. Bí o kò bá ní fò fún ọjọ́ mélòó kan, 3.8 ni kí o fi í sí, kì í ṣe kíkún, kì í ṣe òfìfo. Ṣájà tí ń dọ́gba sẹ́ẹ̀lì ni kí o rà. Bátìrì 1300mAh, ámípíà 1.3 ni kí o fi ṣájì rẹ̀, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọ́ láti fi márùn-ún sí i torí kí ó lè yá.

Mo fojú rí èyí tí mò ń wí. Mo ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan, mo ṣájì rẹ̀ tán fún ọjọ́ Sátidé, òjò rọ̀, n kò lọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní kíkún sórí pátákó abẹ́ páànù ní ṣọ́ọ̀bù mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo padà dé ìdí rẹ̀, ó ti wú bí búrẹ́dì, kò wọ inú bàálù mọ́. Mo tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ìka kan, ó rọ̀ mùkẹ̀mùkẹ̀, ó ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù. Mo rọra gbé e jáde sínú garawa iyanrìn, n kò sì so ó mọ́ ṣájà mọ́. Irú èyí gan-an ló ń gbiná. Inú ìkòkò amọ̀ ni mo ti ń ṣájì tèmi báyìí, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, iyanrìn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kì í sì í fi í sílẹ̀ lọ ra oúnjẹ. Má fi í sínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa.

Bí iná ìjọba kò bá sí: ṣájà bíi iMAX B6 lè gba iná tààrà láti bátìrì fólítì 12, yálà ti sólà ilé rẹ tàbí ti ọkọ̀. Oníwáyà ni ọ́, o mọ bí o ṣe máa so ó. Ó dára ju jẹnẹrétọ̀ kékeré tí iná rẹ̀ ń gòkè sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Bátìrì kékeré mẹ́ta sàn ju ńlá kan lọ. Ńlá á mú bàálù wúwo. Ra ago kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí bátìrì, tó máa ń han bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti dé 3.5. Kí o sì tún fi ìṣẹ́jú márùn-ún sórí rìmóòtù. Èyí tó bá kọ́kọ́ dún, kí o bọ̀ wálẹ̀.

Ọmọ Mopa ní Lokoja

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un. FS-i6 ti pẹ́. Rìmóòtù RadioMaster Pocket tó ń lo ELRS (irú àmì kan tí rìmóòtù fi ń bá bàálù sọ̀rọ̀) kéré lọ́wọ́, owó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju tiẹ̀ lọ, àmì rẹ̀ ń lọ jìnnà gan-an, o sì lè so ó mọ́ kọ̀ǹpútà pẹ̀lú okùn USB lásán, láìra nǹkan mìíràn fún PicaSim. Bátìrì 18650 méjì ló ń lò, kì í bá a wá nínú páálí.

Tíṣà Fisíìsì, Egbe

Òótọ́ ni àbúrò mi sọ. Ohun tó mú mi dúró lórí FlySky ni pé ẹni mẹ́ta ló ní i nítòsí Iyara, a lè wá bá a tò ó. Ètò inú Pocket gbòòrò, ó sì lè mú orí rú ẹni tó bá dá wà. Bí ìwọ bá ṣe tán láti máa bá a lórí fóònù, kí ó mú Pocket.

Ọmọ Mopa ní Lokoja

Mo ṣe tán, sà. Kí ó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá Isanlu

Ẹ kú ìjíròrò o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilẹ̀ tí a dúró lé.

Ní orílẹ̀-èdè yìí, àjọ NCAA ló ń ṣe òfin ohun tí ń fò láìsí awakọ̀ nínú rẹ̀. Ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn Ààrẹ lórí ètò ààbò, ONSA, ló ń fún ẹni tó fẹ́ lò ó ní ìwé àṣẹ, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù sì ń béèrè ìwé náà tí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá ń ti òkèèrè bọ̀. Ọmọ mi, má fi owó èsúsú rẹ ránṣẹ́ sí òkèèrè. Ọwọ́ ẹni tó ti kó o wọlé tó sì ní ìwé ni kí o ti rà á, kí o gba rìsíìtì.

Gbogbo wa mọ ohun tí ojú àwọn ará wa ti rí lójú ọ̀nà àti lóko láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Bí nǹkan bá ń kùn lójú ọ̀run láàárọ̀ kùtùkùtù, ìyá arúgbó á wọ ilé, ọdẹ á gbé ìbọn. Kí o tó fò ó lẹ́ẹ̀kan, gbé e lọ hàn wọ́n ní ààfin, gbé e lọ hàn àwọn fijilanté, lọ kí DPO. Jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Má so kámẹ́rà mọ́ ọn. Èmi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Isanlu, ìgbà kejì tí mo fò ó, àwọn ọdẹ ló ń bá mi lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn kúrò níbi abẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ̀bẹ̀ náà kì í ṣe kékeré: má so bátìrì mọ́ ọn bí ọmọ bá wà níwájú rẹ̀.

Àárọ̀ ló dára, láti aago mẹ́fà ààbọ̀ títí di bí mẹ́jọ ààbọ̀, kí atẹ́gùn tó dìde. Nínú ọyẹ́, eruku máa ń gbé nǹkan pamọ́ lójú. Ìdí kan nìyẹn tí n kò fi fẹ́ aláwọ̀ eérú yẹn rárá. Èyí tí o bá rà, lẹ téèpù dúdú fífẹ̀ mẹ́ta sí abẹ́ apá rẹ̀, kí òkè rẹ̀ jẹ́ pupa tàbí ọsàn. Ẹni tó ń tàkìtì gbọ́dọ̀ mọ ikùn yàtọ̀ sí ẹ̀yìn láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí wọ́n bá ń sun igbó, àwòdì á máa yí lórí èéfín torí tata. Bí o bá rí i pé wọ́n pọ̀, jókòó. Wọ́n á lé bàálù rẹ.

Ọmọ Iyara

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá. Mo ra Extra EPP oní-mítà kan, kò sí Mustang, kò sí balsa. Pocket ni mo mú, ẹ̀gbọ́n mi ní Lokoja bá mi tò ó lálẹ́ ọjọ́ mẹ́ta gbáko, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Bátìrì 1300 mẹ́ta, ṣájà, ago tó ń han, abẹ̀bẹ̀ mẹ́fà tó ti di mẹ́rin. Ó ku ₦11,500 lọ́wọ́ mi.

Mo ṣe bí Bàbá ṣe wí. Àwọn fijilanté gbé e wò, ọ̀kan nínú wọn ní ó fúyẹ́ bí adìẹ tí wọ́n ti tu ìyẹ́ lára rẹ̀.

Sátidé tó kọjá ni mo kọ́kọ́ ta òkìtì. Mẹ́ta. Èyí ìkẹta yí dáadáa. Mo tún yí gbirigbiri sí òsì, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún. Ìdojúdé ni kò tíì dá mi lójú. Ọwọ́ mi ń tì, kò fà, Ìyá wa, mo fi ìyẹn dá yín lójú. Àmọ́ mo ní láti tì í gan-an kí imú rẹ̀ tó dúró; bí mo bá dẹwọ́ díẹ̀, á forí lé ilẹ̀ kíákíá. Láti ojú apá níwájú dé ibi tí ó ti ń dọ́gba lórí ìka mi jẹ́ mìlímítà 62. Ìwé tó bá a wá ní 65 sí 80. Ṣé ìyẹn ni?

Ìyá Ìbejì, Mopa

Ìyẹn ni, ọmọ mi. Imú rẹ̀ ló wúwo. Bàálù tó bá dọ́gba fún iṣẹ́ yìí, tí o bá dà á dé, ìwọ̀nba títì díẹ̀ ló máa fẹ́. Bí ó bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀, imú wúwo. Bí ó bá ń gòkè fúnra rẹ̀ nígbà tó dojúdé, ìrù wúwo, ìyẹn sì burú jù, torí á máa ṣe bí ẹṣin tí kò mọ ẹni tó gùn ún.

Gé fẹ́kíró tó di bátìrì mú, sún bátìrì sẹ́yìn títí tí yóò fi dọ́gba ní 67. Má sáré dé 80 lẹ́ẹ̀kan. Gbé e sórí ìka ìlábẹ̀ rẹ méjèèjì lábẹ́ apá, ìka kan lọ́tùn-ún, ìka kan lósì, nínú ilé níbi tí fáànù kò sí, pẹ̀lú bátìrì nínú. Kí imú rẹ̀ rọra tẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà. Fò ó, dà á dé lókè, wò ó. Lẹ́yìn náà, sún un mìlímítà méjì, tún fò ó. Fi bírò fa ìlà sára fóòmù níbi tí bátìrì bá wà lọ́jọ́ tó bá dùn mọ́ ọ lọ́wọ́.

Ọmọ Iyara

69 ni o, Ìyá wa. Mo fa ìlà náà láàárọ̀ yìí. Láti ibi góòlù kan dé èkejì, ní ìdojúdé, àtàǹpàkò mi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tì í.